Òwúrọ̀ Tí Wọn Kò Fún Wa Lóúnjẹ ní Bódìjà

Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń dá mi dúró lọ́nà ọjà àti lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì: "Màdáàmù, báwo ni Ìbàdàn?" Èmi a sì dáhùn pé ó tóbi, ilé wọn pọ̀, òjò wọn kò mọ àsìkò. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lájò, tó wá padà sọ fún yín pé ìlú náà tóbi, ńṣe ló ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Mo ti jókòó báyìí, mo ti wá awò ojú mi rí, n ó kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an fún gbogbo ará Kétu.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé wa ní kí n tẹ̀ lé àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá rọ́gíbì lọ sí Ìbàdàn, inú mi kò dùn. Aṣọ rírán ni mo ń kọ́ni, ọdún kẹtàlélógún rèé. Láti ọjọ́ tí Àkànní, olùkọ́ eré ìdárayá, ti gbé bọ́ọ̀lù gbọọrọ náà wọ ọgbà wa ni kíláàsì mi ti ń ṣófo. Ọmọ tó yẹ kó di abẹ́rẹ́ mú ń fi orúnkún ẹlẹ́rẹ̀ wọlé bá mi. Ọ̀gá ilé-ìwé pàápàá kò fẹ́ràn eré náà. Ó pè wá jọ lọ́sẹ̀ tí a máa lọ, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kẹ́ ẹ borí. Bẹ́ ẹ bá ti Ìbàdàn dé láìborí lẹ́ẹ̀kan, pápá di ti àwọn ọmọkùnrin, kẹ́ ẹ̀yin padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ." Gbogbo wọn yíjú sí mi, nítorí ọ̀dọ̀ mi ni ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ wà. Mo wolẹ̀. Nínú ọkàn mi, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n fìdí rẹmi. Ẹ dárí jì mí.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ eré náà, kò le púpọ̀. Ẹni méje ní ìhà kan, méje ní ìhà kejì, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbé bọ́ọ̀lù sá. Iwájú lò ń sá lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn nìkan lo lè ju bọ́ọ̀lù sí fún ẹnìkejì rẹ. Ẹni tó bá gbé e kọjá ìlà ìkẹyìn, tó fi kanlẹ̀, ó jẹ àmì márùn-ún, ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì tún ní ìgbá kan sí àárín òpó méjì, bó bá wọlé, àmì méjì sí i. Bí o kò bá fẹ́ kó kọjá, wàá fi èjìká wọlé sí i, wàá dì í mú ní itan, wàá sì gbé e ṣubú. Ìyẹn kì í ṣe ìjà, òun gan-an ni eré.

Ẹni tó mọ gbígbé ènìyàn ṣubú jù nínú wọn ni Àbẹ̀kẹ́. Ẹ mọ̀ ọ́n, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí ìyá rẹ̀ àgbà ń tọ́, èyí tó ga ju àwọn olùkọ́ lọ, tí èjìká rẹ̀ gbòòrò. Abẹ́rẹ́ mélòó ló ti dá sí i lọ́wọ́ nínú kíláàsì mi, n kò kà á. Bó bá ń kọjá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní ẹ yà fún katakata. Ọmọ náà ti kọ́ bí ènìyàn ṣe ń ká ara rẹ̀ kò kó lè kéré. Ọ̀dọ̀ mi ló jókòó nínú ọkọ̀. Ó ní, "Màdáàmù, orí pápá nìkan ni n kì í tijú ara mi. Bí a kò bá borí, n kò mọ ibi tí n ó gbé e sí."

Mo ní kó sùn. Ṣùgbọ́n àdúrà tí mo ti gbà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

Ìbodè

Ọ̀gbẹ́ni tó gba ìwé ìrìnnà mi níbodè wò ó, ó wò mí. Mo ti kí i, mo bi í bí ilé ṣe wà, mo ní kí Ọlọ́run bá a wo àwọn ọmọ. Ó ní, "Màmá, Yorùbá tẹ́ ẹ ń sọ yìí, ó ju tèmi lọ. Kí lẹ wá ń fi ìwé yìí ṣe?"

Mo ní kó lọ bi àwọn òyìnbó tó fa ìlà. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì lu òǹtẹ̀. Láti ibẹ̀ ni mo ti di àlejò.

Ilé Màmá Mọrẹ́nikẹ́

Ilé àwọn tí a wá bá gbá bọ́ọ̀lù la dé sí. Àṣà eré náà nìyẹn: ẹgbẹ́ tó pè ọ́ ló máa gbà ọ́ sílé, méjì-méjì, lọ́dọ̀ àwọn òbí wọn. Èmi àti Àbẹ̀kẹ́ bọ́ sílé Màmá Mọrẹ́nikẹ́ ní Bódìjà. Aránṣọ ni obìnrin náà, aṣọ àdúrà funfun ni wọ́n ń rán fún àwọn ọmọ ìjọ wọn, ìjọ Aládùúrà. Ọmọ wọn, Mọrẹ́nikẹ́, ni ọ̀gá ẹgbẹ́ Bódìjà, ó fi ọdún kan ju Àbẹ̀kẹ́ lọ.

Òjò ń rọ̀ nígbà tí a dé. Obìnrin náà jáde síta pẹ̀lú tépù ìwọnṣọ lọ́rùn, wọ́n kúnlẹ̀ fún mi. Ẹgbẹ́ ni wá, n kò lè dúró ṣánṣán lé wọn lórí. Èmi náà kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ewu ọ̀nà, ọ̀nà ò nà yín jù?" "Ẹ ṣeun, a bá yín láyọ̀?" "Ayọ̀ la wà o, àwọn ará ilé ńkọ́?" Kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde. A wà níbẹ̀ títí Mọrẹ́nikẹ́ fi ní, "Mọ́mì, òjò ń wọ pálọ̀."

Bí a ti jókòó ni wọ́n gbé oúnjẹ wá: ẹ̀wà tí wọ́n sè títí kò fi ní eegun, ata tí wọ́n dín títí tó fi dúdú lórí rẹ̀, àti búrẹ́dì. Ojú Màmá Mọrẹ́nikẹ́ ń tàn. "Ẹ̀wà àgànyìn," ni wọ́n wí. "Mo wá ẹni tó mọ̀ ọ́n sè débi tó ti dáa, kí ẹ má baà rò pé ẹ ti jìnnà sílé."

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ará ilé. Lójú ará Ìbàdàn, ẹnikẹ́ni tó bá ti òdìkejì ìbodè wá, Àgànyìn ni. Èmi ọmọ Kétu, tí mo mọ oríkì Alákétu lórí, Àgànyìn ni mí. Epo pupa àti gààrí la sì fi ń jẹ ẹ̀wà tiwa, n kò rí ata dúdú yẹn rí láyé mi. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ti rìn nínú òjò nítorí rẹ̀. Mo bu òkèlè kan sẹ́nu, mo ní, "Gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe máa ń sè é."

Àbẹ̀kẹ́ yíjú wò mí. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ìjìyà irọ́ yẹn ni pé gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì tí a lò níbẹ̀, ẹ̀wà àgànyìn ni.

Sátidé àkọ́kọ́

Ẹgbẹ́ mẹ́rin ló wà nínú ìdíje ìsinmi náà: Bódìjà, Jẹ́ríkò, Ring Road àti àwa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa pàdé ara wọn. Bódìjà la kọ́kọ́ bá pàdé, àwọn náà la sì máa bá parí.

N kò mọ nǹkan kan nínú eré náà lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé nǹkan kò lọ dáadáa. Àbẹ̀kẹ́ ló ń dúró gbẹ̀yìn fún wa, òun ni ilẹ̀kùn ilé. Bí àwọn yòókù lára ẹgbẹ́ Bódìjà bá gbé bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń gbé wọn ṣubú wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Mọrẹ́nikẹ́ ló gbé e bọ̀, ọmọ wa á na ọwọ́, á fà á padà, Mọrẹ́nikẹ́ á sì kọjá. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló kọjá bẹ́ẹ̀. Àmì márùndínlógójì ni wọ́n jẹ, àwa kò jẹ ẹyọ kan.

Lẹ́yìn èyí ni mo rí ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn. Àwọn tó borí tò ní ọ̀wọ́ méjì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, àwọn ọmọ tiwa sì ń kọjá láàárín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí yẹ̀yẹ́ nínú rẹ̀. Mọrẹ́nikẹ́ fọwọ́ kan Àbẹ̀kẹ́ léjìká bó ṣe ń kọjá, Àbẹ̀kẹ́ sì tẹrí ba.

Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, ó ní, "Ẹsẹ̀ mi yọ̀, Màdáàmù." Ẹ̀ẹ̀marùn-ún kọ́ ni ẹsẹ̀ ń yọ̀, ṣùgbọ́n mo fi í sílẹ̀.

Ìgboro

Ẹ fẹ́ gbọ́ nípa àwọn ará Ìbàdàn. Bí o bá bi wọ́n lọ́nà, wọn kì í nawọ́. Wọ́n á mú ọ dé ibẹ̀, kí ẹ sì tó dé, wọ́n á ti mọ iye ọmọ tí o bí àti ohun tó pa ọkọ rẹ. Wọ́n ń kí ènìyàn nítorí ohun gbogbo. Mo jókòó lásán lórí àga ní Agbówó lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí kí mi kú ìjókòó. Àwọn ọmọ yunifásítì ibẹ̀ ní èdè tiwọn. Ọ̀kan bá mi gbé àpò sọdá títì, ó ní, "Mummy, no wahala, I dey your back," mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Màmá Mọrẹ́nikẹ́ mú mi lọ sí Dùgbẹ̀ láti ra òwú àti sípù. Ọkọ̀ há mọ́ra débi pé ẹsẹ̀ la fi rin ìdajì ọ̀nà. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ta sípù gbọ́ ohùn mi, ó ní, "Màmá, Yorùbá yín dùn o. Ibo lẹ ti kọ́ ọ?"

Mo ní, "Nínú ìyá mi."

Inú bí mi títí a fi kúrò níbẹ̀. Màmá Mọrẹ́nikẹ́ fà mí lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ẹ má dá wọn lóhùn. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti Iléṣà dé ìlú yìí. Títí dòní, bí mo bá la ẹnu, wọ́n á ní, 'Ìjẹ̀ṣà, kí lò ń wí?' Àlejò ni gbogbo wa."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ibà mú Àbẹ̀kẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni obìnrin yìí kò fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ. Wọ́n bu omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fún un wẹ̀, wọ́n fi ṣíbí bọ́ ọ, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń kọrin ìjọ wọn jẹ́jẹ́. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, wọ́n gún iyán fún un, bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń gún un, tí kò ní kókó kan. Ọmọ náà jẹun, ó ń sunkún. Ó ní òun kò rí ẹni tó gún iyán nítorí òun nìkan rí. Mo jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé nígbà yẹn, nítorí omi ti ń bọ́ lójú tèmi náà.

Jẹ́ríkò àti Ring Road

Àwọn ọmọ Jẹ́ríkò yára. Pápá wọn wà lábẹ́ àwọn igi ńláńlá, àwọn òbí wọn sì ń jókòó sábẹ́ agbòòrùn wòran. Bí bọ́ọ̀lù bá dé ọwọ́ ọmọ kan báyìí tó tinrín, o kò ní rí i mọ́ títí yóò fi kanlẹ̀. Àwọn Ring Road ní tiwọn kò yára, ṣùgbọ́n wọ́n lágbára, bí wọ́n bá ti kó ara wọn jọ láti tì ọ́, ìwọ náà á mọ̀ pé wọ́n ń tì ọ́. Ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ orí. Kó tó gbé ènìyàn ṣubú, á ní "ẹ má bínú."

A fìdí rẹmi lọ́wọ́ àwọn méjèèjì nígbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ń yí padà. Àbẹ̀kẹ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá. Lọ́jọ́ tí a padà lọ sí Jẹ́ríkò, ẹ̀ẹ̀mẹta ló lé ọmọ tinrín náà bá, a sì ta ọ̀mì. Ọjọ́ yẹn ni mo rí ara mi lórí àga, bàtà mi ti bọ́, gèlè mi wà lọ́wọ́ mi, mo ń pariwo pé, "Itan! Dì í mú ní itan!" Àkànní yíjú wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹyọ ìgbá kan ṣoṣo ni Ring Road fi jù wá lọ. Àwọn ọmọ sunkún nínú ọkọ̀, èmi náà sunkún. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àdúrà àkọ́kọ́. Ìdíje kan ló kù, Bódìjà, tí ẹnikẹ́ni kò tíì borí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé

Ọjọ́bọ̀ ni, èmi àti Àbẹ̀kẹ́ ń fọ jẹ́sì. Mọrẹ́nikẹ́ jáde wá bá wa, ó fọwọ́ lé ìbàdí. Màmá rẹ̀ wà nínú ilé, à ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ wọn lójú fèrèsé.

Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, kí ni mo ṣe fún ẹ?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n."

"Irọ́ ni. Mo lọ wò yín ní Jẹ́ríkò, mo lọ wò yín ní Ring Road. Gbogbo ènìyàn lò ń gbé ṣubú. Èmi nìkan lò ń yẹ̀ fún. Ṣé ẹyin ni mí? Gbogbo àmì tí mo jẹ lọ́jọ́ yẹn, mi ò gbádùn ọ̀kan nínú ẹ̀. Ńṣe ló dà bíi pé o ò ka èmi sí."

Àbẹ̀kẹ́ fi jẹ́sì sílẹ̀ nínú omi. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ìyá mi àgbà ló tọ́ mi. Wọ́n ní ilé tí mo bá ti jẹun, n kò gbọdọ̀ gbọ́wọ́ sókè sí ọmọ ibẹ̀ láé. Alẹ́ tí a dé ni mo ti jẹun nílé yín. Mọ́mì yín fi ṣíbí bọ́ mi. Bí mo bá ti rí i pé ẹ̀yin lẹ ń bọ̀, ọwọ́ mi kì í gbà."

Mọrẹ́nikẹ́ ní, "Eré ni, kì í ṣe ìjà."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ mi ni kò mọ̀."

Ẹ̀rọ ìránṣọ inú ilé dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Èmi ni àgbà tó wà láàárín wọn. Kí ni mo fẹ́ wí? Kó gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé? Èmi náà ni mo fi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ tọ́ àwọn ọmọ tèmi. Mo fún omi ara jẹ́sì, mo sì ń ronú pé pápá ti lọ.

Kọ́kọ́rọ́

Ní òwúrọ̀ Sátidé tó kẹ́yìn, mo jí, n kò gbọ́ ìró ìkòkò. Mo dé ilé ìdáná, àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà. Màmá Mọrẹ́nikẹ́ dúró níwájú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn wọn pẹ̀lú tépù ìwọnṣọ.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n dáhùn, ṣùgbọ́n wọn kò kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Lónìí, kò sí oúnjẹ fún yín nílé mi. Kò sí omi mímu pẹ̀lú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú Àbẹ̀kẹ́, ẹ lọ jẹun níta."

Ará Kétu, ara mi gbóná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ti ń jẹ ẹ̀wà aláta dúdú nítorí ọ̀wọ̀! Mo wọ yàrá, mo ká aṣọ mi sínú báàgì, mo ń sọ fún Àbẹ̀kẹ́ pé kó dìde, pé a kì í dúró di ìgbà tí wọ́n bá fi ìgbálẹ̀ gbá wa. Mo ní ẹ̀rù ló ń bà wọ́n pé a lè borí ọmọ wọn. Àbẹ̀kẹ́ wọ bàtà, ó tẹ̀ lé mi. Lẹ́bàá ọjà Bódìjà, a ra ẹ̀kọ àti àkàrà gbígbóná, a dúró jẹ ẹ́. Àkàrà méje ló jẹ. Ó ní, "Màdáàmù, kí la ṣe fún wọn?" Mo ní n kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò sì mọ̀.

Nígbà tí a dé pápá, àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ti ń na ara. Màmá Mọrẹ́nikẹ́ ti ìhà tiwọn rìn bọ̀ wá sí ìhà tiwa, lójú gbogbo ènìyàn. Mo yíjú kúrò. Wọ́n dúró níwájú Àbẹ̀kẹ́, wọ́n gbójú sókè wò ó, nítorí ó ga jù wọ́n lọ.

"Àbẹ̀kẹ́, oúnjẹ ta lo jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Ti alákàrà, mà."

"Ṣé tèmi wà níbẹ̀?"

"Rárá, mà."

"Omi mi ńkọ́?"

"Kò sí, mà."

"Ó dáa. Lónìí o ò jẹun nílé mi. Lọ gbá bọ́ọ̀lù ẹ."

Ìgbà yẹn ni mo mọ ìdí tí ẹ̀rọ fi dákẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ojú tì mí débi pé n kò mọ ibi tí n ó gbé báàgì mi sí. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kì í gbélẹ̀, mo ní, "Oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ti jẹ sẹ́yìn ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Ìyẹn ti di ẹran ara. Ẹran ara ẹ̀ ni kó fi gbá a."

Àbẹ̀kẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú rẹ̀. Nígbà tó ṣí i, ó na ara rẹ̀. N kò tíì rí gbogbo gíga ọmọ yẹn rí títí di ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdíje náà ní kíákíá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Mọrẹ́nikẹ́ gbé bọ́ọ̀lù bọ̀, Àbẹ̀kẹ́ gbé e ṣubú. Ìgbà kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Bódìjà wá gba ẹ̀gbẹ́ pápá tí Àbẹ̀kẹ́ kò sí, wọ́n jẹ lẹ́ẹ̀mejì, àwa náà jẹ lẹ́ẹ̀mejì, ìgbá kan tí a gbá wọlé lẹ́yìn tiwa ló jẹ́ ká fi àmì méjì jù wọ́n lọ. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè ìparí ni Mọrẹ́nikẹ́ gbé bọ́ọ̀lù já gbà, kò sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀ àfi Àbẹ̀kẹ́. Mọrẹ́nikẹ́ kò yà, tààrà ló ń bọ̀. Àbẹ̀kẹ́ sá pàdé rẹ̀, ó wọlé sí i ní itan, àwọn méjèèjì ga sókè díẹ̀, wọ́n sì lulẹ̀ pọ̀. Bọ́ọ̀lù bọ́ síwájú. Fèrè dún.

Wọn kò tètè dìde. Mo sá dé ibẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, mo bá Àbẹ̀kẹ́ tó dì í mú síbẹ̀, ó ń bi í, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò dùn yín?"

Mọrẹ́nikẹ́ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó dùn mí dáadáa," ló wí. "O ò tètè ṣe é."

Àwọn ọmọ tiwa tò ní ọ̀wọ́ méjì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Wọn kò mọ ibi tí wọn ó dúró sí, Àkànní ló ń tò wọ́n. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Bódìjà títí ọwọ́ fi pọ́n.

Kúlà mẹ́ta ni Màmá Mọrẹ́nikẹ́ gbé jáde látinú ọkọ̀. Ìdájí ni wọ́n ti dáná, kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn pa. Iyán wà níbẹ̀, ẹ̀fọ́ rírò wà níbẹ̀. Wọ́n ṣí ẹ̀kẹta fún mi: ẹ̀wà àgànyìn. Mo rí i pé n kò lè parọ́ mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi ò sè é rí."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Àbẹ̀kẹ́ ti sọ fún Mọrẹ́nikẹ́ láti ọ̀sẹ̀ kejì."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń sè é?"

"Ẹ ń jẹ ẹ́ tán."

Challenge

Ní Challenge, ibùdókọ̀ kan ní Ìbàdàn, la ti wọkọ̀. Àwọn agbèrò ń pariwo orúkọ ìlú, ọmọkọ́mọ ń fa àpò ènìyàn, kò sí ibi tí ènìyàn lè gbé dágbére dáadáa. Màmá Mọrẹ́nikẹ́ fi ọ̀rá kan lé Àbẹ̀kẹ́ lọ́wọ́. Aṣọ ni, àǹkárá aláwọ̀ ewé, wọ́n sì ní kó lọ wọ̀ ọ́ wò lẹ́yìn ọkọ̀. Ó jáde wá, aṣọ náà bá a mu láti èjìká dé orúnkún. Kò há níbì kankan. Ìgbà tí ibà mú un, tí wọ́n jókòó tì í, ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n.

Ará ilé, ọdún mẹ́rin ni ọmọ yìí ti lò nínú kíláàsì mi. Mo ti nà án nítorí abẹ́rẹ́. N kò fi tépù kan èjìká rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí. Mo sọ èyí fún Màmá Mọrẹ́nikẹ́ lójú ọ̀nà yẹn, mo ń sunkún. Wọ́n ní kí n dákẹ́, wọ́n yọ tépù tó wà lọ́rùn wọn, wọ́n fi kọ́ mi lọ́rùn. Lọ́jọ́ yẹn, àwa méjèèjì kúnlẹ̀ láàárín Challenge, awakọ̀ ló ní ká dìde kí ọkọ̀ lè lọ.

Àjò kì í dùn kí onílé má padà sílé, a ti dé. Ọ̀gá ilé-ìwé mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, pápá wà lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin. Àbẹ̀kẹ́ ń wọ aṣọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ti rí i, kò sì ká ara rẹ̀ kò mọ́. Ìsinmi gígùn tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ Bódìjà ń bọ̀ wá bá wa gbá ní Kétu, ilé yín ni wọ́n máa dé sí. Mo mọ̀ yín, ẹ máa ṣe wọ́n lálejò dáadáa. Ẹ se èyí tó bá wù yín fún wọn, ẹ fi ẹran sí i, ẹ gún iyán, ẹ rọ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ sí i. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín fún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá máa bá wa gbá, ẹ ti ilé ìdáná yín pa, ẹ má fún àwọn ọmọ náà ní nǹkan kan jẹ.